Ọmọbìnrin mi kò fẹ́ sáré mọ́: ta ni kí n bá wí?

Ìbéèrè tó dá ìjíròrò sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún 14 ní oṣù tó kọjá. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń fún ní ọ̀pá kẹ́yìn nínú rìléè, nítorí kò sí ẹni tó lè lé e bá. Láti ìgbà tó ti wọ JSS 2 ni gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Kò sáré mọ́, kò fo okùn mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò á máa ṣe tẹ́ńtẹ́ń lẹ́yìn ilé, kò ní yọjú sí wọn. Bó bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ, òun àti fóònù, títí n ó fi pariwo pé kó wá pọnmi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, náà ní fóònù, ṣùgbọ́n kì í sí nílé bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ti máa súfèé pè é lẹ́nu géètì. Orí pápá lẹ ó ti bá a. Bàbá wọn ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ kó máa ka ìwé rẹ̀, pé obìnrin kì í fi eré sísá wá ọkọ. Ṣùgbọ́n bó bá gun àtẹ̀gùn ilé wa lásán, ńṣe ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣé ọ̀lẹ ni ọmọ yìí ni, àbí fóònù ló bà á jẹ́? Ta ni kí n bá wí?

* * *

Sí ìyá tó béèrè

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Ọdún 19 ni mo fi jẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìbéèrè yín sì ni àwọn òbí máa ń bi mí jù lọ, yálà ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá gba èsì ìdánwò ọmọ wọn, tàbí nígbà tí a bá pàdé lọ́jà. N kò gbà pé ọ̀lẹ ni ọmọ yín. Ọmọ tó ti ń gba ọ̀pá kẹ́yìn nínú rìléè kì í dédé jókòó. Nǹkan kan ló mú un jókòó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sábà máa ń mọ nǹkan náà kí òbí tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò tó, kí ẹ má baà rò pé ilé yín nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ó kéré tán, ṣe ohun tí yóò mú kí ọkàn rẹ̀ lù kíkan, kí èémí rẹ̀ sì yára. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ àjọ náà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 11 sí 17, ní orílẹ̀-èdè 146. Nínú ọmọ 100, 81 ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọkùnrin 100, wọ́n jẹ́ 78. Nínú obìnrin 100, wọ́n jẹ́ 85. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré, ìyẹn Tonga, Samoa, Afghanistan àti Zambia, ni ti obìnrin kò ti burú ju ti ọkùnrin lọ. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 142 kì í ṣe ìwàkiwà ọmọ kan ṣoṣo ní Ìbàdàn.

Mo fẹ́ sọ ti ọmọ kan fún yín. JSS 3 ló wà nígbà náà, ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Oṣù kejì ọdún ni, oòrùn ọ̀sán mú gan-an, a ń múra sílẹ̀ fún íńtáháòsì. Mo rí i tó so súwẹ́tà mọ́ ìbàdí, ó ta apá súwẹ́tà náà ní kókó níwájú. Mo ní kó tú u kó wá sáré, ó ní òtútù ń mú òun. Bẹ́ẹ̀, òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sí igi imú. Mo pè é sẹ́yìn yàrá ìkẹ́rùsí, mo jókòó, mo ní kí òun náà jókòó. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní nǹkan oṣù òun lè dé nígbàkigbà, funfun ni ṣòkòtò eré tí ilé ẹ̀kọ́ fún wọn, àti pé ní táàmù tó kọjá, ó yí ọmọ kan láṣọ lórí pápá, láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wọn ti fún ọmọ yẹn lórúkọ tí òun kò lè pè létí mi.

Ọdún kẹwàá mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, n kò ronú kan aṣọ funfun yẹn rí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, a yí ṣòkòtò àwọn obìnrin padà sí aláwọ̀ aró tó ṣú, mo sì ra páàdì sínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọmọ náà sáré 200 mítà lọ́dún yẹn. Ẹ má rò pé àwa nìkan la pẹ́ kí a tó rí i: ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn obìnrin láyè ní ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon láti wọ ṣòkòtò abẹ́ tó dúdú, dípò funfun tí wọ́n ti ń kàn án nípá fún wọn látọdúnmọ́dún.

Nítorí náà, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ wádìí. Ẹ má dúró lé e lórí bi í pé “kí ló dé tí o kì í sáré mọ́?” Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá ń dì í nírun, tí ojú yín kò kọjú síra, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tí wọ́n jọ máa ń sáré nígbà yẹn.

* * *

Sí àwọn tó ní fóònù ni

Ó ti tó ènìyàn mẹ́fà tó kọ̀wé báyìí pé kí ìyá náà gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, kí ó parí. Bàbá kan tilẹ̀ ní òun fọ́ ti ọmọ òun mọ́lẹ̀. N kò ní bá yín jiyàn pé fóònù ń jẹ àkókò, nítorí mo ti rí ọmọ tó jókòó láti aago mẹ́ta títí di aago mẹ́jọ alẹ́ láìdìde àfi fún ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tí mo ń bá yín jiyàn lé lórí ni èyí tó ṣáájú. Ẹ padà lọ ka ìbéèrè náà: ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí náà ní fóònù, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, síbẹ̀ aago márùn-ún kì í bá a nílé. Kí ló fà á? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń súfèé pè é. Kò sí ẹni tó ń súfèé pe àbúrò rẹ̀.

Ní ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́, ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni fóònù wá jókòó sí ipò tó ṣófo. Bí ẹ bá gba fóònù láìjẹ́ pé ẹ wá nǹkan fi dí ipò náà, ọmọ yóò kàn dojú kọ ògiri ni.

Ṣùgbọ́n apá kan wà tí fóònù ti ń ṣe ibi tí ẹ̀yin kò mẹ́nu kàn. Ọmọ ọdún 14 ń wo àwòrán àwọn obìnrin tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tún ìbàdí àti awọ wọn ṣe, ó ń fi wọ́n wé ara tirẹ̀ tí kò tíì dàgbà tán. Ẹ wá fi ti ilé kún un. Bó bá sanra díẹ̀, “orobó” ni wọ́n ń pè é. Bó bá tín-ín-rín, “lẹ́pa” ni. Àwa àgbà ló ń sọ ọ́, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí a ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kò ní gbé ara náà lọ sórí pápá kí àwọn mìíràn tún wá rẹ́rìn-ín. Ìyá, bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín rìn, ẹ má fi mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn ṣe àríwísí, ẹ má sì pe orúkọ sísanra rárá.

* * *

Lórí iṣẹ́ ilé

Ìyá àgbà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé pé nígbà tiwọn, kò sí ẹni tó ń pe nǹkan kan ní eré ìdárayá. Wọ́n pọnmi, wọ́n gúnyán, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ara wọn sì le. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, màmá. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ka iṣẹ́ ilé àti ẹsẹ̀ rírìn mọ́ ohun tó ń mú ara ṣiṣẹ́. Kẹ́ẹ̀gì omi tó gba lítà 20, 20 kílò ni omi inú rẹ̀ wọ̀n. Ọmọ tó bá ru irú rẹ̀ mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ dé òkè pẹtẹẹsì kò ṣe kékeré.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn nìyí. Èkíní, ilé ìsinsìnyí kì í ṣe ilé àtijọ́. Bọ́ńhóòlù ń da omi sínú táńkì, ẹ̀rọ ń lọ ata, máruwá ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò tó ìrìn 20 ìṣẹ́jú. Ìwọ̀nba iṣẹ́ tó kù kò tó nǹkan. Èkejì, ẹ wo ẹni tí a ń bẹ̀ níṣẹ́ àti àkókò tí a ń bẹ̀ ẹ́. Aago márùn-ún, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ tí pápá dùn, ni ọmọkùnrin ń jáde, ìgbà náà gan-an sì ni a ń pe ọmọbìnrin wá fọ abọ́, wá gbé ọbẹ̀ kaná, wá gba ọmọ pọ̀n. Nígbà tó bá fi máa ṣe tán, ilẹ̀ ti ṣú, a kì í sì í jẹ́ kí ọmọbìnrin jáde nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Lẹ́yìn ọdún méjì irú èyí, a ó wá máa bèèrè pé kí ló dé tí kò fẹ́ràn eré.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù, nítorí ọwọ́ mi náà wà níbẹ̀. A ti sọ lílo ara di ìyà. “Ṣebí fóònù lò ń tẹ̀, ó yá, wá pọnmi.” Nílé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá pẹ́ dé, kó sá yí pápá ká ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹni tó bá pariwo, kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti géètì dé ọ́fíìsì, ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kó mú àdá kó lọ gé koríko. Èmi gan-an fi eré sísá jẹ àwọn ọmọ níyà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bá sì di ọjọ́ Ẹtì, mo tún ń retí kí àwọn ọmọ kan náà fi ìdùnnú sáré fún mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí mo rí lára wọn lẹ́yìn tí wọ́n dàgbà.

* * *

Sí àwọn bàbá tó ní ìwé ló ṣe pàtàkì

Ọ̀gbẹ́ni kan ní JAMB kò ní bi ọmọ òun léèrè iye ìgbà tó fo okùn. Mo mọ ohun tó ń ba yín lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí a jọ ka ọjọ́ ọmọ náà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n jí i, aago méje ààbọ̀ ó ti wà lórí ìlà. Ó jókòó títí di aago méjì, ó lọ sí lẹ́sìn, ó jókòó títí di aago mẹ́rin ààbọ̀, ó délé, ó jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá. Nílé ẹ̀kọ́ pàápàá, nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe ìlànà ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní bí ọdún 2014, ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera kò dá dúró mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fà á wọnú Basic Science and Technology. Mo ti rí ibi tí ó ti di ìwé dídà kọ látojú pátákó, tí àwọn ọmọ ń kọ ìtumọ̀ fífò gíga sínú ìwé wọn láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀ pápá.

Eré kì í ṣe ọ̀tá ìwé. Lára àǹfààní tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo ara wọn, iṣẹ́ ọpọlọ àti èsì ẹ̀kọ́ tó dára wà níbẹ̀, pẹ̀lú egungun tó le àti ìbànújẹ́ ọkàn tó dínkù. Ìgbà ọ̀dọ́ yìí sì ni egungun ń kó agbára tí yóò gbé e dé ọjọ́ ogbó, pàápàá ti obìnrin.

Ní ti pé obìnrin kì í fi eré sísá wá ọkọ, ọmọ Ọ̀de-Lẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni Falilat Ogunkoya tó gba àmì ẹ̀yẹ bàbà (ipò kẹta) nínú eré 400 mítà ní ìdíje Olympic ní Atlanta ní ọdún 1996. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Tobi Amusan tó sáré 100 mítà olódí, ìyẹn eré tí wọ́n ń fo ìdènà kọjá, ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, tí kò sí obìnrin kankan láyé tó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Inú mi dùn sí wọn dé góńgó. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a máa fi wọ́n dẹ́rù ba àwọn ọmọ tó kù, nítorí níbẹ̀ ni àwa olùkọ́ ti ń ṣìṣe. Ní íńtáháòsì ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, bí ogójì ọmọ ló ń sáré, bí irínwó sì ń jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. A ń yan àwọn tó yára, a sì ń fi bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tó kù pé jíjókòó ni tiwọn. Ọmọ tó gbọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà yóò gbà á gbọ́.

* * *

Sí ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 tó kọ̀wé láti Èkó

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o kì í ṣe obìnrin, o kò ní súwẹ́tà kankan ní ìbàdí, ṣùgbọ́n o kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, àti pé ní àdúgbò yín, ọmọkùnrin tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù kò ní eré mìíràn. O ní bí wọ́n bá fẹ́ pín sẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀gá méjèèjì ń pe “mo mú eléyìí, mo mú tọ̀hún”, ìwọ ló máa ń kù kẹ́yìn, wọn yóò sì ní kí o lọ dúró ní gólì.

Mo fẹ́ kí àwọn àgbà tó wà níbí gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ, nítorí a máa ń rò pé ti ọkùnrin ti dára. Monkey post, òkúta méjì níbí, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ohun dáadáa ni. Kò náni lówó, ó sì ń mú òógùn jáde. Ṣùgbọ́n ìdúró tí ọmọ kan dúró lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò sí ẹni tó fẹ́ mú un, ó lè lé e kúrò nídìí eré fún ọdún mẹ́wàá.

O kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan bí bọ́ọ̀lù kò bá wù ọ́. Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́, tẹ́níìsì orí tábìlì ló fi bá Timo Boll ti Jámánì jà ní ìdíje Olympic ní Rio ní ọdún 2016, ó borí rẹ̀, ó sì wọ ipele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Ìjàkadì wà, kẹ̀kẹ́ gígùn wà, ijó wà, taekwondo wà, okùn fífò wà. O ní o máa ń dá jó nínú yàrá bí ilẹ̀kùn bá ti tì. Ó ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Má jáwọ́.

Ohun kan tí mo rí tó lágbára jù láti inú ọmọ fúnra rẹ̀ wá ni kó gbà lọ́kàn pé òun lè ṣe é. Mo ní ọmọ kan tí kò lè fo okùn ju ẹ̀ẹ̀meje lọ kó tó kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. N kò fi í wé ẹnikẹ́ni. Mo fún un ní bébà kékeré kan, mo ní kó máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Méje, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, mẹ́rìnlá. Kí táàmù tó parí, ó ti kọjá ọgọ́rùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wá mi kiri láti fi bébà hàn mí. Kọ iye tìrẹ náà sílẹ̀.

* * *

Lórí aṣọ àti ẹ̀sìn, ní ṣókí

Bàbá kan láti Ìsẹ́yìn ní ẹ̀sìn òun kò gba kí ọmọbìnrin òun wọ ṣòkòtò péńpé níwájú ọkùnrin. Ìyá kan ní ìjọ tàwọn kò gba ṣòkòtò fún obìnrin rárá. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi bá wọn jà. Láti ọdún 2014 ni òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti gba ìbòrí láyè, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ náà sì gbà á ní ọdún 2017. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí mo ń kó jọ ní àdúgbò wa nísinsìnyí, àwọn kan ń wọ híjáàbù pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn, méjì ń wọ síkẹ́ẹ̀tì gbàgẹ̀rẹ̀ tó dé orúnkún, ẹsẹ̀ wọn sì ń kúrò nílẹ̀ dáadáa. Inú ọgbà olódi ni a ti ń ṣe é. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fi aṣọ kan ṣoṣo ṣe dandan, ilé ẹ̀kọ́ ló lé ọmọ náà, kì í ṣe ẹ̀sìn.

* * *

Sí ẹni tó bèèrè pé pápá dà

Òótọ́ ni. Ní Múṣin àti ní Agége, ilé lẹ́yìn ilé ni, pápá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sì ti di ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo ọjọ́ ìdìbò, nígbà tí wọ́n bá ní kí ọkọ̀ má rìn: ṣé ẹ kò rí i bí títì ṣe máa ń kún fún bọ́ọ̀lù kí aago mẹ́sàn-án tó lù? Ìfẹ́ eré kò kú lára àwọn ọmọ. Àyè ni wọn kò rí. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo títì náà dáadáa, ẹ sọ fún mi iye ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀. Àyè nìkan kọ́. Ọmọbìnrin tó bá kọjá níwájú àwọn ọmọ ìta tó ń pè é ní orúkọkórúkọ yóò wá ọ̀nà inú ilé ni.

* * *

Sí ìyá tó kọ̀wé láti Peckham

Ẹ ní ẹ rò pé ní London, níbi tí pápá pọ̀ sí, yóò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yín náà ń wá àwáwí ní gbogbo ọjọ́ eré ìdárayá. Kò yà mí lẹ́nu. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Sport England, àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá ní ilẹ̀ England, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo This Girl Can, ohun tí wọ́n sì dojú kọ gan-an ni ẹ̀rù tó ń ba àwọn obìnrin pé àwọn ènìyàn yóò máa wò wọ́n, wọn yóò máa sọ̀rọ̀ wọn. Pápá wà níbẹ̀, ojú ènìyàn ló ń lé wọn kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti ìyá Ìbàdàn.

* * *

Kí n tó gbàgbé

Bí ọmọ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ ju bó ti yẹ lọ, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè jẹ́ ikọ́ fée (asthma), ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, pàápàá bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ń wá púpọ̀. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS lè ṣeré, ṣùgbọ́n dókítà rẹ̀ ni yóò sọ ìwọ̀n. Kó máa mu omi dáadáa, kó máa sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì lé e sáré nínú oòrùn tàbí nínú òtútù. Olùkọ́ tó bá mọ̀ pé ọmọ jẹ́ SS tó sì ní kó sá yí pápá ká fún ìyà, ó ń fi ẹ̀mí ọmọ wewu.

* * *

Ìyá náà ti padà wá

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ràn. Ẹ ní ẹ bi í nígbà tí ẹ ń dì í nírun ní ọjọ́ Àìkú, ẹ ti di ìdajì orí kó tó dáhùn. Ẹ ní ó sọ pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń sáré kó lọ sí Abẹ́òkúta ní ìparí JSS 1, pé nígbà tí òun nìkan lọ sórí pápá, òun ṣubú, wọ́n rẹ́rìn-ín, nígbà tí òun sì dé ilé láti sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n òun ní “ẹsẹ̀ rẹ ti wúwo jù”. Ẹ ní ẹ kò mọ ohun tí ẹ máa sọ, ẹ kàn ń di irun lọ.

Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń ṣekú pa wọ́n. Ọ̀rẹ́ ló lọ, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló wúwo. Ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ má pariwo mọ́ ọn, nítorí kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wọlé tó. Kó bẹ àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí òun ni yóò máa pọnmi tí yóò sì máa fọ abọ́ ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ẹ ní yóò kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn.

Ẹ ra okùn méjì, ẹ má ra ẹyọ kan. Ẹ wá ọmọbìnrin kan tàbí méjì ní àdúgbò, ẹ lọ bá ìyá wọn fúnra yín, kí ẹ ní kí wọ́n máa wá sẹ́yìn ilé yín láago márùn-ún. Ẹ má dúró wò wọ́n. Ẹ má kà fún wọn. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ jókòó sí orí okùn náà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má bínú. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kọ́, eré yóò tẹ̀ lé e. Ogún ìṣẹ́jú ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé a ń wá 60.

Ẹ̀yin gan-an ńkọ́, ìyá? Ìgbà wo ni ọmọ yìí rí yín kẹ́yìn tí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi kan láìjẹ́ pé epo bẹntiróòlù wọ́n? Láàárọ̀ Sátidé, kí ẹ̀yin àti òun rìn dé ọjà kí oòrùn tó yọ, kí ẹ gbé ẹrù pọ̀ bọ̀. Mo gbọ́ pé bàbá wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ má bá a jiyàn nípa ọkọ fífẹ́. Ẹ kàn bẹ̀ ẹ́ pé ní Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, kó jí ní aago mẹ́fà kó bá yín ṣí géètì, kó sì kí ọmọ náà kó tó jáde.